Igi Tí Ìjì Wó Kì Í Ṣe Igi Ọ̀fẹ́

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, igi óákù tó wà níwájú ilé aládùúgbò wa wó. N ò gbọ́ ìró kankan, àfi ilẹ̀ tó mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí mo yọjú lójú fèrèsé, gbòǹgbò ni mo kọ́kọ́ rí. Ó dúró gbangba bí ògiri amọ̀, ó ga jù mí lọ, omi ẹrẹ̀ ń ṣàn lára rẹ̀. Ara igi náà sùn gbalaja kọjá títì, ẹ̀ka rẹ̀ sì ti wọnú ọgbà ilé tó wà ní òdìkejì.

Ìtòsí Black Mountain là ń gbé, láàárín àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn North Carolina, ní Amẹ́ríkà. Ìjì Helene ló kọjá lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé atẹ́gùn nìkan ló wó igi, ṣùgbọ́n òjò ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Òjò ti ń rọ̀ kí ìjì fúnra rẹ̀ tó dé, ilẹ̀ sì ti mu omi yó. Ní Busick, lẹ́yìn òkè Mount Mitchell, gbogbo òjò náà ju íǹṣì 30 lọ. Nígbà tí atẹ́gùn wá dé, gbòǹgbò ò rí ohun tí yóò dì mú mọ́. Ìdí nìyẹn tí igi tí kò jẹrà, tí kò níhò, fi hú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí igbó ní ìpínlẹ̀ náà ṣírò ilẹ̀ igbó tó bàjẹ́, ó sì tó éékà 822,000. Ní ìlú Asheville, ọjọ́ 53 ni wọ́n lò kí omi ẹ̀rọ tó dára fún mímu padà.

Ọmọ oníplánkì ni mí. Ọjà plánkì Bódìjà, n'Íbàdàn, ni mo dàgbà sí. Mo mọ òórùn ìrókò, mo mọ ti ọ̀gànwó, bí wọ́n bá sì di ojú mi, mo lè fi ọwọ́ mọ arère torí pé ó fúyẹ́. Ṣùgbọ́n títà ni bàbá mi ń tà, kò gbẹ́ ère rí. Èmi náà ò gbẹ́ ère rí títí mo fi pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ń ṣe níbí. Bí igi yẹn ò bá wó, bóyá ǹ bá má mú ayùn lọ́wọ́ láé.

Bàbá kan wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa tó ti ń fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì gbẹ́ béárì láti ìgbà tó pẹ́. Ẹ ó rí béárì onígi yìí níwájú ilé, níwájú ilé oúnjẹ, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, káàkiri àwọn òkè wọ̀nyí. Ó ní kí n máa pe òun lórúkọ. Ẹnu mi ò gbà á, torí náà mo ń pè é ní Bàbá. Ó bi mí lítumọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo sọ fún un, kò sì sọ̀rọ̀ orúkọ mọ́.

Òun ló wá gé igi tó dí títì. Kò sí iná, kò sí fóònù, kò sí ẹni tí a lè pè. Gbogbo wa jáde, a dúró yí igi náà ká, ojú ń kán wa. Bàbá ò tiẹ̀ tíì tan ayùn rẹ̀. Ó ń rìn yí igi ká ni, ó ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó ń gbójú sókè wo ẹ̀ka tó ti ṣẹ́ tó sì há sórí igi mìíràn. Ó tó ogún ìṣẹ́jú tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́kàn mi, mo ní, kí ló ń wò? Igi tó ti sùn sílẹ̀ ti sùn náà nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ló yípadà sí wa, ó sì lé gbogbo ènìyàn sẹ́yìn. Ọmọkùnrin mi, ẹni ọdún mẹ́sàn-án, ti bọ́ sínú kòtò tí gbòǹgbò fi sílẹ̀, ó ń fi igi wá ekòló. Bàbá pariwo mọ́ ọn bí ẹni pé ó ṣẹ ẹ́. Inú mi kọ́kọ́ bí díẹ̀. Mo fa ọmọ mi jáde, mo sì dá a dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Bàbá wá gé igi náà, ó jìnnà sí gbòǹgbò níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Bí ayùn ṣe já síta lódìkejì, gbogbo ògiri gbòǹgbò yẹn dìde. Ó dìde padà sí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀, gbìì, kùkùté igi náà sì dúró ṣánṣán bíi pé kò sí ohun tó ṣe é rí. Kòtò náà pa dé.

N kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìyàwó mi di ọmọ náà mú títí ó fi ní ó ń dun òun.

Ohun tí Bàbá ń wò fún ogún ìṣẹ́jú nìyẹn. Gbòǹgbò tó hú sókè wúwo gan-an, ara igi tó sùn sílẹ̀ ló sì dì í mú. Bí o bá ti gé ara igi kúrò lára rẹ̀, kò sí ohun tó dì í mú mọ́. Bákan náà ni ti ara igi: bó bá sùn lé orí nǹkan méjì, tí àárín rẹ̀ wà lófuurufú, òkè rẹ̀ ń fún ara rẹ̀ pọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń fà bí okùn. Bí o bá gé e láti òkè lọ títí, yóò di ayùn rẹ mú pinpin. Bó bá sì jẹ́ apá tó ń fà lo kọ́kọ́ gé jìn, yóò là lójijì, yóò sì ta. Òkè la ó kọ́kọ́ gé díẹ̀, kí a tó wá gé e láti ìsàlẹ̀ wá pàdé rẹ̀. Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo sọ òwe wa fún Bàbá: igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun. Pákó tí mo kọ ọ́ sí ṣì wà lókè ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n ní kí oníkálukú kó igi tó wó sí etí títì. Ọkọ̀ ńlá ń wá kó wọn, wọ́n á lọ lọ̀ wọ́n di èérún. Bí mo ṣe ń wo àwọn ìtì igi yẹn, ìtì tí èèyàn méjì ò lè fapá ká, ọjà Bódìjà ló ń wá sí mi lọ́kàn. Owó ni mo ń rí. Mo lọ bá ìyá tó ni óákù náà, opó ni, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Mo tọrọ ìtì mẹ́rin. Ó ní kí n máa kó wọn lọ, ṣùgbọ́n kí n fi ọ̀kan ṣe nǹkan fún òun, ohunkóhun tó bá wù mí. Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an, Mà." Mo padà sílé pẹ̀lú ayọ̀. Mo ti rí igi ọ̀fẹ́.

Bàbá gbà láti kọ́ mi. Ó ní béárì ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, torí pé béárì mọ bí a ṣe ń gbé inú ìtì igi. Mo ní kó ṣàlàyé. Ó ní ẹranko tó bá na apá síta, tàbí tí ọrùn rẹ̀ gùn, wàá máa wá igi kún igi. Béárì tó jókòó, apá rẹ̀ wà mọ́ ikùn, orí rẹ̀ bọ́ sáàárín èjìká, gbogbo rẹ̀ wà nínú ohun róbótó kan. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí ère ìbejì tí mo ti rí nílé wa bẹ́ẹ̀ náà ni: ọwọ́ mọ́ ìbàdí, kò sí ohun tó yọ síta. Àwọn àgbà wa ti mọ̀ pé ohun tó bá yọ síta ló máa ń kọ́kọ́ ṣẹ́.

Ìtì àkọ́kọ́ jẹ ṣéènì ayùn méjì kí n tó rí orí béárì. Ìṣó ló wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ti kan nǹkan mọ́ igi náà nígbà kan, bóyá okùn jangirọ́fà àwọn ọmọdé, igi sì dàgbà bò ó. Bàbá fi ojú igi hàn mí níbi tí a gé: àbàwọ́n dúdú kan wà níbẹ̀ bíi tàdáwà. Ó ní bí irin bá ti pàdé omi inú óákù, bó ṣe ń dúdú nìyẹn, ibikíbi tí mo bá ti rí i, kí n dúró. Mo pe bàbá mi n'Íbàdàn lálẹ́ ọjọ́ náà láti ròyìn. Kò yà á lẹ́nu. "Ṣé o ò rántí òkúta inú ìrókò tó máa ń ba ayùn àwọn onísọ́míìlì jẹ́ ni? Igi inú igbó ń gbé òkúta mì, igi ìgboro ń gbé irin mì." Mo ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wá irin lára igi. Owó nìyẹn. Ṣéènì tuntun, owó ni. Ṣòkòtò tí ayùn ò lè tètè gé, ìbòrí, ohun ìdítí, abẹ ayùn tí ṣóńṣó rẹ̀ tín-ín-rín. Ti abẹ yìí ṣe pàtàkì. Bí apá òkè ṣóńṣó abẹ ayùn bá kan igi, gbogbo ayùn yóò ta padà sójú ẹni tó mú un lọ́wọ́. Orí ṣóńṣó yẹn gan-an sì ni agbẹ́gilére fi ń ṣiṣẹ́, torí òun ló ń wọ inú etí àti ẹ̀gbẹ́ imú. Tín-ín-rín tí a ṣe é ló ń dín títa náà kù, kò mú un kúrò.

Mo parí béárì àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Mo gbé e wọlé, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná kí àwọn àlejò Kérésìmesì lè rí i. Ọjọ́ kẹfà, a gbọ́ ìró bíi ti ìbọn lóru. Béárì náà ti sán láti iwájú orí dé ikùn, àlàfo náà gba ìka mi.

Bàbá ò bá mi wí. Ó mú ẹyọ igi kan, ó sì fi òrùka inú rẹ̀ hàn mí. Igi tútù máa ń sún kì bó bá ń gbẹ, ṣùgbọ́n kì í sún kì bákan náà níbi gbogbo. Bó ṣe ń sún kì yíká òrùka rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì bó ṣe ń sún kì láti èèpo dé ọkàn. Torí náà, ìtì tí ọkàn rẹ̀ ṣì wà nínú gbọ́dọ̀ là níbì kan, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ohun tó kù fún agbẹ́gilére ni kó yan ibi tí yóò ti là. Bàbá máa ń fi ayùn la ẹ̀yìn béárì rẹ̀ láti ìdí lọ sókè, ó ń jìn dé ọkàn igi, kó tó fọwọ́ kan iwájú rárá. Bí igi bá ń gbẹ, ẹ̀yìn ni yóò máa yà sí, ojú yóò wà bó ṣe wà. Ó tún máa ń kun ojú ìtì méjèèjì kí omi má baà tètè sá jáde níbẹ̀, ó sì ń gbé e síbòòji níta, níbi tí atẹ́gùn wẹ́ẹ́rẹ́ ń dé. Ẹ̀gbẹ́ iná ni èmi gbé tèmi sí.

Èkejì ló dùn mí jù. Mo ti la ẹ̀yìn rẹ̀, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò fún irin, mo ti fi ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta gbẹ́ ẹ. Mo ń fi nǹkan họ ara rẹ̀ kó lè dán ni apá ọ̀tún bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí agbára lórí rẹ̀. Ó dá gbáà bíi bísíkítì. Óákù kì í dá bẹ́ẹ̀, fọ́nrán rẹ̀ gùn, ńṣe ló máa ń fà ya. Mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí bàbá mi. Ó pè mí padà kíá.

"Ṣé igi yìí tẹ̀ kó tó wó?"

"Ìjì ló wó o, sà. Ó ti ní láti tẹ̀."

"Wo ẹ̀gbẹ́ ibi tó dá. Ṣé o rí ìlà tín-ín-rín kan tó gba ìbú, bíi ìgbà tí aṣọ bá rún?"

Mo wò ó. Ó wà níbẹ̀. Irun orí lásán lo máa pè é.

Bàbá mi ní àwọn mọ̀ ọ́n ní sọ́míìlì. Igi ńlá tí wọ́n bá gé lulẹ̀ tó lọ bọ́ lé orí òkúta tàbí orí igi mìíràn máa ń ní in. Fọ́nrán ti rún nínú, pákó tí a là láti ibẹ̀ yóò dára lójú, yóò sì dá lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá gun orí rẹ̀. Òun kì í ra á, àfi fún ìdáná. Bí atẹ́gùn bá ń tẹ igi, apá ibi tó ń tẹ̀ sí ló ń fún pọ̀, ibẹ̀ sì ni fọ́nrán ti ń rún. Igi náà lè dúró padà lẹ́yìn rẹ̀, kí èèpo bò ó, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀. Óákù ìyá yẹn ti bá ìjì jà fún wákàtí púpọ̀ kó tó gbà fún un. Ìjà yẹn ni mo ń gbẹ́. Láti ọjọ́ náà, kí n tó mú ìtì kankan, mo ń bèèrè pé apá ibo ló wó sí, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí apá tó fún pọ̀, mo sì ń fi apá yẹn ṣe ẹ̀yìn tàbí ìdí béárì, níbi tí igi ti nípọn.

Bàbá ní kí n fi óákù sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí n fi páìnì funfun kọ́ ọwọ́. Páìnì rọ̀, ó sì ń jẹ́ kí èèyàn ṣàṣìṣe láìná owó púpọ̀. Mẹ́fà ni mo gbẹ́ láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹjọ. Ọmọ mi wo àkọ́kọ́, ó ní ajá náà dára. Ó rí i bó ṣe rí ni. N ò tíì wo béárì dáadáa rí, èrò béárì ni mo ń gbẹ́. A ò ní ẹranko yìí nílé, inú ìtàn Bíbélì nìkan ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Àwọn béárì dúdú máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá síbi àpótí ìdọ̀tí wa ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, mo sì ń jókòó sẹ́yìn fèrèsé pẹ̀lú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì. Etí rẹ̀ róbótó, ó sì jìnnà síra. Èmi ti gbé e sókè orí bíi ti ajá. Ojú rẹ̀ kéré ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Láti iwájú orí dé imú fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ gbọnrangandan. Kò ní iké léjìká bíi ti béárì aláwọ̀ ilẹ̀ tó wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka, bíi tiwa. Mo rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo rò pé ọmọdé kan ló kọjá láìwọ bàtà.

Ìṣòro mi kejì ni pé mo ń kánjú dé ojú. Mo lè gbẹ́ ojú méjèèjì tán nígbà tí ara ò tíì ní ìrísí. Ohun tó gbà mí ni ìrántí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí Bódìjà wa. Lámídì Fákẹ́yẹ ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ló gbẹ́ ẹ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa bí òun àti Bándélé ọmọ Àreògún tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, mo rí i pé ìpele mẹ́rin ni àwọn agbẹ́gilére wa pín iṣẹ́ sí: ọ̀nà lílé, alétúnlé, dídán, fífín. Wọ́n á kọ́kọ́ lé ìrísí ńlá jáde, wọ́n á tún un lé sí wẹ́wẹ́, wọ́n á jẹ́ kó dán, ìgbẹ̀yìn ni wọ́n á tó fín ọnà sí i. Mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sára ògiri. Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ni mo fi ń ṣe méjì àkọ́kọ́, gíráǹdà ni mo fi ń ṣe ìkẹta, n kì í sì í fọwọ́ kan ojú béárì títí mo fi dé ìkẹrin. Bàbá bi mí pé kí ni mo kọ síbẹ̀ yẹn. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní òun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó pẹ́, òun ò kàn ní orúkọ fún un ni.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, mo mú ìtì óákù kẹta. Mo la ẹ̀yìn, mo wá irin, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì. Apá tó rún bọ́ sí ìdí. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi gbẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà, mo fi iná gáàsì jó gbogbo ara rẹ̀ dúdú, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbọn èédú rẹ̀ kúrò títí ìlà igi fi yọ, mo sì fi òróró pa á. Ẹnu àti imú nìkan ni n ò jó, torí béárì dúdú níbí, awọ ẹnu rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú.

Bàbá bá mi gbé e dé iwájú ilé ìyá náà. Mo rò pé yóò fẹ́ kó kọjú sí títì kí àlejò lè rí i. Ó ní rárá, kí a yí i padà, kó kọjú sí kùkùté. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí. "Apá ibo lára igi mi nìyí?"

Mo sọ fún un pé apá tó kọjú sí fèrèsé yàrá rẹ̀ ni mo fi ṣe ojú béárì.

Ìtì kẹrin ṣì wà ní ẹ̀yìn ilé wa, lórí igi méjì kó má baà kan ilẹ̀, ọjọ́ tí mo gbé e síbẹ̀ wà lára rẹ̀. N ò tíì mọ ohun tí n ó fi ṣe. Ẹ̀yìn béárì ìyá náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà díẹ̀díẹ̀ níbi tí mo fẹ́ kó yà. Mo fi àwòrán ojú rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá mi n'Íbàdàn, ó sì ní ó dára, ṣùgbọ́n kí n ya ẹ̀yìn rẹ̀ fún òun.